Mo ra 100 GB sórí cloud, kí ló dé tí dísìkì laptop mi tún wá kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ?

aláwòrán_tuntun

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sọ́rọ̀ yìí torí ó ti tojú sú mi, ọjọ́ mẹ́ta rèé mi ò rí iṣẹ́ gidi kan ṣe lórí laptop mi.

Windows ló wà lórí ẹ̀, 128 GB ni wọ́n kọ sára páálí ẹ̀ nígbà tí mo rà á, ṣùgbọ́n tí mo bá wo dísìkì C, 119 GB ló ń pè é, ìyẹn náà ò kúkú yé mi, ibo ni 9 tó kù gbà lọ? Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àyè tó ṣẹ́ kù lórí ẹ̀ jẹ́ 41 GB. Àwòrán àti fídíò tí mo ti ń kó jọ láti bí ọdún mélòó kan wà nínú fódà Pictures, gbogbo wọn lápapọ̀ jẹ́ 38 GB. Mo wá ní kí n má dúró dìgbà tó máa kún pátápátá kí n tó wá nǹkan ṣe sí i, ni mo bá sanwó àyè 100 GB lórí cloud, mo fi áàpù wọn sórí laptop, fódà tuntun kan sì yọ tó ń jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ náà. Mo yan gbogbo àwòrán mi, mo ṣe copy, mo lọ ṣe paste sínú fódà yẹn. Ó ń gbé wọn sókè, ó ń gbé wọn sókè, ọjọ́ kan ààbọ̀ ló gbà kó tó parí.

Èrò mi ni pé 119 máa di 219, tàbí ó kéré tán kí ẹrù àwòrán yẹn kúrò lọ́rùn laptop. Ńṣe ni àyè já wálẹ̀ láti 41 GB sí 3 GB! Ìlà dísìkì ti pọ́n wẹ́, Windows ò rí update ṣe mọ́, tí mo bá ṣí áàpù méjì pọ̀ á máa lọ bí ẹni tó rù ú. Ṣùgbọ́n tí mo bá gba orí wẹ́ẹ̀bù wọlé sínú cloud, gbogbo àwòrán mi pé síbẹ̀, wọ́n ní 38 ni mo lò nínú 100.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ gan-an ni pé, ibo ni 100 GB yẹn wà, ṣé lórí laptop mi ni àbí ibòmíì? Tí mo bá pa àwọn àwòrán yìí rẹ́ lórí laptop kí n lè ráyè mí, ṣé ti orí cloud á ṣì wà? Ẹ̀rù ń bà mí torí àwòrán màmá mi tó ti di olóògbé wà nínú ẹ̀, mi ò sì ní ẹ̀dà míì níbì kankan.

Ẹ̀gbọ́n_Dísìkì

Àbúrò, kọ́kọ́ gbọ́wọ́ kúrò lórí Delete ná. Má pa nǹkan kan rẹ́ títí wàá fi ka ohun tí mo fẹ́ sọ yìí tán, màmá ò ní sọnù nínú fọ́tò.

100 GB tí o ra, kò sí lórí laptop rẹ rárá. Orí kọ̀ǹpútà ńláńlá tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ yẹn ló wà, nínú ilé tiwọn, íntánẹ́ẹ̀tì lo fi ń dé ibẹ̀. Cloud tí wọ́n ń pè é yẹn, dísìkì ni òun náà o, dísìkì tó wà lọ́dọ̀ ẹlòmíì. Kò sí bí wọ́n ṣe máa fi kún C rẹ, C rẹ ò lè ju bó ṣe ti ilé-iṣẹ́ wá lọ àfi tí o bá tú laptop kí o sì pààrọ̀ dísìkì inú ẹ̀. Torí náà ìṣirò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lo ní báyìí, 119 wà níbí, 100 wà lọ́hùn-ún, a kì í rò wọ́n pọ̀. Èyí tó wà lọ́hùn-ún lè ṣófo kí tibí sì kún dẹ́nu, bó ṣe rí fún ọ nìyẹn, ó sì tún lè jẹ́ ìdàkejì, laptop á láyè rẹpẹtẹ, cloud á ní òun ò gba nǹkan kan mọ́.

Ohun tó ń da gbogbo èèyàn láàmú ni fódà tó ń jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ yẹn. Orúkọ cloud ló ń jẹ́, àmọ́ orí C rẹ ló jókòó sí. Fódà lásán ni bíi fódà Pictures, ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé áàpù kan ń ṣọ́ ọ tọ̀sán tòru, ohunkóhun tó bá wọ ibẹ̀, áàpù á ṣe ẹ̀dà ẹ̀ á gbé e lọ sókè. Ẹ̀dà ni mo wí o, kì í kó èyí tó wà nílẹ̀ kúrò. Nígbà tí o wá ṣe copy, tí o ò ṣe cut, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé 38 GB wà nínú Pictures, 38 GB míì wà nínú fódà cloud, àwọn méjèèjì wà lórí C kan náà, ẹ̀kẹta wá wà lókè lọ́dọ̀ wọn. 41 yọ 38, kí ló kù? 3. Iye tí kọ̀ǹpútà sọ fún ọ náà nìyẹn, òótọ́ ló sọ.

Ọ̀rọ̀ píparẹ́ wá ni ibi tí mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ sí jù. Tí o bá pa àwòrán rẹ́ nínú Pictures, áàpù ò rí ìyẹn, ohun tó wà lókè á wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí o bá pa á rẹ́ nínú fódà cloud, áàpù á gbà pé o ò fẹ́ ẹ mọ́ ni, á lọ pa tòkè náà rẹ́, á tún pa á rẹ́ lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà míì tó bá ń lo àkáǹtì kan náà. Ìtumọ̀ sync gan-an nìyẹn, bí o bá ṣe ṣe síhìn-ín ni wọ́n ṣe máa ṣe sọ́hùn-ún. Kó o tó fọwọ́ kan Pictures náà, yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, torí àwọn áàpù kan máa ń béèrè nígbà tí èèyàn bá ń tò wọ́n pé ṣé kí àwọn máa ṣọ́ Desktop, Documents àti Pictures pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ èèyàn á sì tẹ Yes láì kà á. Tó bá jẹ́ pé o tẹ Yes, Pictures rẹ náà ti di ara cloud nìyẹn. Fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ Pictures, lọ sí Properties, wo Location, tí orúkọ ilé-iṣẹ́ náà bá wà nínú àdírẹ́ẹ̀sì ẹ̀, wá sọ fún wa kó o tó ṣe ohunkóhun.

Ní ti 128 tó di 119, kò sẹ́ni tó jí nǹkan rẹ. Àwọn tó ń ṣe dísìkì ka 1 GB sí báìtì 1,000,000,000, Windows ka tiẹ̀ sí 1,073,741,824 ó sì tún ń pè é ní GB náà. Ìdí nìyẹn tí 128 fi ń di 119, tí 256 ń di 238, 500 ń di 465, 1 TB ń di 931. Mac ti ń kà á bí àwọn tó ń ṣe dísìkì ṣe ń kà á láti ọdún 2009 tí Mac OS X 10.6 jáde, bí wọ́n bá ki dísìkì kan náà bọ àwọn kọ̀ǹpútà méjèèjì, iye tí wọ́n máa pè é á yàtọ̀ síra.

Wá sọ fún mi, nínú fódà cloud yẹn, àmì wo lo rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àwòrán náà? Ṣé kùrukùru kékeré ni àbí máàkì?

Ìyá_Ìbejì_22

Ẹ gbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ nípa píparẹ́ yìí o, mo bẹ̀ yín. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà kan pé níwọ̀n ìgbà tó ti wà lókè, mo lè pa ti orí fóònù rẹ́ kí fóònù lè fúyẹ́, mo jókòó mo pa fọ́tò àwọn ọmọ mi ọdún àkọ́kọ́ rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan lórí fóònù, inú mi ń dùn pé mò ń túnlé ṣe. Ó lé ní oṣù méjì kí n tó wá wọn lórí táblẹ́ẹ̀tì, mi ò rí nǹkan kan, mo wọ orí wẹ́ẹ̀bù mi ò rí nǹkan kan. Ọjọ́ 60 ni wọ́n fi ń pa ohun tí a bá pa rẹ́ mọ́ nínú Trash, mo dé ibẹ̀ lẹ́yìn tí ọjọ́ ti pé. Díẹ̀ tí mo ti fi ránṣẹ́ sí àbúrò ọkọ mi nìkan ni mo rí gbà padà. Mi ò tíì lè sọ̀rọ̀ ẹ̀ kí ọkàn mi má gbọgbẹ́. Ẹ má kánjú.

aláwòrán_tuntun

Ẹ ṣeun gan-an ẹ̀gbọ́n, ọpọlọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ sípò. Mi ò mọ̀ rárá pé fódà cloud yẹn ń jẹ àyè lórí C, mo rò pé ẹnu ọ̀nà lásán ni, pé bí mo ṣe ń ju nǹkan síbẹ̀ ló ń gba íntánẹ́ẹ̀tì lọ. Màmá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára gan-an.

Mo ti wo Location, C:\Users lẹ́yìn náà orúkọ mi lẹ́yìn náà Pictures, orúkọ ilé-iṣẹ́ ò sí nínú ẹ̀. Àmì tó wà nínú fódà cloud, róbótó funfun ni tó ní máàkì àwọ̀ ewé nínú, bí gbogbo wọn ṣe rí nìyẹn.

akọ́ṣẹ́_kọ̀ǹpútà

Ẹ jẹ́ kí n gbà á níbẹ̀ torí iṣẹ́ tí mò ń kọ́ lọ́wọ́ nìyí, ẹ̀gbọ́n á tún un ṣe tí mo bá ṣì í sọ.

Ọ̀nà méjì ni fáìlì lè gbà wà nínú fódà cloud. Ó lè wà níbẹ̀ tòun tara, ìyẹn ni pé ẹ̀dà ẹ̀ wà lórí dísìkì yín lódindi, ó sì ń jẹ àyè. Ó sì lè jẹ́ orúkọ ẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, ẹ máa rí i nínú fódà bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹ máa rí orúkọ, ẹ máa rí ọjọ́ tí wọ́n yà á, ṣùgbọ́n ara ẹ̀ wà lókè, ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ pé kó ṣí ló tó máa fà á wálẹ̀. Èyí tó jẹ́ orúkọ nìkan yìí ló ń gba àyè sílẹ̀ fún dísìkì, òun sì ni ohun tí ẹ rò pé ẹ ń rà.

Lórí OneDrive, ìyẹn cloud ti Microsoft, kùrukùru aláwọ̀ búlúù túmọ̀ sí pé orúkọ nìkan ló wà lórí kọ̀ǹpútà. Róbótó funfun tó ní máàkì àwọ̀ ewé túmọ̀ sí pé fáìlì ti wà nílẹ̀ lódindi, àmọ́ Windows láyè láti sọ ọ́ di orúkọ nìkan padà tó bá yá. Róbótó tó jẹ́ àwọ̀ ewé látòkè délẹ̀ tó ní máàkì funfun, ìyẹn ni pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ pé kó máa wà nílẹ̀ nígbà gbogbo. Tí ẹ bá fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ fódà kan, ẹ máa rí Free up space, òun ló ń sọ ọ́ di orúkọ nìkan, ẹ ó sì rí Always keep on this device, òun ló ń dá a dúró sílẹ̀.

Google Drive ní tiẹ̀ pè é ní Stream àti Mirror. Mirror ni kí gbogbo ohun tó wà lókè ní ẹ̀dà nílẹ̀, Stream ni kí wọ́n wà lókè kí ẹ máa fa èyí tí ẹ bá fẹ́, á wá yọ bíi dísìkì tuntun lórí kọ̀ǹpútà, G ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ má jẹ́ kí G yẹn tàn yín pé dísìkì gidi ni o, ohun tí ẹ bá jù sínú ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ dúró lórí C ná kó tó gòkè, torí náà tí C bá ti kún, fídíò ńlá ò ní gba ibẹ̀ kọjá. Dropbox ń pe tiẹ̀ ní online-only. Lórí iPhone, Optimize iPhone Storage ló ń jẹ́, fọ́tò kékeré á wà lórí fóònù, ojúlówó ẹ̀ á wà lókè lórí iCloud.

Ohun kan tó máa jẹ́ kí ẹ fojú ara yín rí i ni Properties. Fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ fáìlì tó ní kùrukùru, wo Size, á ní 2 GB, wo Size on disk tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀, á ní 0. Size ni bí fáìlì ṣe tóbi tó níbikíbi tó bá wà, Size on disk ni iye tó ń jẹ lórí dísìkì tiyín. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí èyí ni ọ̀rọ̀ cloud tó yé mi.

Torí náà fún yín, ẹ pa ẹ̀dà tó wà nínú Pictures rẹ́, ẹ wá tẹ Free up space lórí fódà cloud, 76 GB ló máa padà sọ́wọ́ yín lójú ẹsẹ̀.

Kò_sí_nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Akọ́ṣẹ́, o ṣàlàyé dáadáa, mo kí ọ, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ibi tí o parí ẹ̀ sí. Tó bá ṣe ohun tí o sọ yẹn lónìí, ẹ̀dà mélòó ló kù nínú àwòrán màmá ẹ̀? Ẹyọ kan ṣoṣo, ní ibi tí òun fúnra ẹ̀ ò ní kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ lọ́wọ́, àfi pásíwọ́ọ̀dù. Tí pásíwọ́ọ̀dù bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì ńkọ́? Tí wọ́n bá ti àkáǹtì pa, tàbí tí owó tó ń san bá dáwọ́ dúró ńkọ́? Tí ọmọ kékeré bá tẹ Delete lórí fóònù tó ń lo àkáǹtì kan náà, sync á gbé ìparẹ́ yẹn dé ibi gbogbo bó ṣe ń gbé àwòrán tuntun. Sync yàtọ̀ sí ìpamọ́. Ìpamọ́ ni ẹ̀dà tí kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí èkejì.

Aláwòrán, ohun tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣe ni kí ẹ wá háàdì dísìkì tí wọ́n ń fi wáyà so mọ́ ìta laptop, kékeré ẹ̀ náà á gba 38 GB, ẹ kó gbogbo àwòrán yẹn sórí ẹ̀, ẹ yọ wáyà ẹ̀, ẹ lọ fi pamọ́ síbi tí omi àti oòrùn ò ti dé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè máa tẹ Free up space bó bá ṣe wù yín.

Ẹ sì mọ̀ pé orúkọ nìkan tí wọ́n ń wí yìí, tí íntánẹ́ẹ̀tì ò bá sí, kò ní ṣí o. Mo ti bá ara mi níwájú àwọn èèyàn tí mo fẹ́ fi iṣẹ́ hàn, orúkọ fáìlì wà níwájú mi, mo tẹ̀ ẹ́ títí, kò dáhùn. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí fídíò 2 GB tó jẹ́ orúkọ nìkan, dátà 2 GB máa lọ, lẹ́yìn tó bá sì ti wálẹ̀, ó ti padà di tòun tara nìyẹn, á tún máa jẹ àyè lórí C títí ẹ ó fi tún tẹ Free up space lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń sọ pé dísìkì àwọn ń kún fúnra ẹ̀, èyí ló ń ṣe wọ́n.

Ọjọ́ kan ààbọ̀ tó gbà yín láti gbé 38 GB sókè, kò yà mí lẹ́nu. Íntánẹ́ẹ̀tì tó bá ń gbé nǹkan sókè ní 5 Mbps, bit ni wọ́n ń kà níbẹ̀, bit 8 ló ń di báìtì kan, 38 GB á gbà tó wákàtí 17 láìdúró, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wá ń já, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn torí bí fídíò yín ṣe ń pọ̀ sí i, tí laptop bá bàjẹ́ lójijì, bí ẹ ṣe máa fà wọ́n wálẹ̀ náà nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n_Dísìkì

Òótọ́ pọ́ńbélé lo sọ, mo sì yẹ kí n ti sọ ọ́ nígbà àkọ́kọ́. Akọ́ṣẹ́, má bínú, ọ̀nà tí o là sílẹ̀ dáa, ohun tó kàn kù níbẹ̀ ni ẹ̀dà tí kì í sync. Kò sí ohun tó burú nínú kí fáìlì jẹ́ orúkọ nìkan tó bá ṣe ohun tí a lè tún rí, bíi ìwé tí a fà wálẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Fọ́tò olóògbé ò rí bẹ́ẹ̀.

akọ́ṣẹ́_kọ̀ǹpútà

Mo gbà bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Àyè ni mo gbájú mọ́, mi ò ronú kan iye ẹ̀dà.

tèmi_ni_fóònù

Ẹ dákun ẹ jẹ́ kí n fi tèmi náà kún un torí ó jọra. Fóònù mi 64 GB, Android, ó ti kún. Mo ń lo Google Photos, wọ́n ní 15 GB ọ̀fẹ́ ni mo ní, ó ti kù díẹ̀ kí òun náà kún, bẹ́ẹ̀ fọ́tò tó wà níbẹ̀ kò ju 9 GB lọ. Ibo ni ìyókù wà? Tí mo bá sì fẹ́ pa fọ́tò rẹ́ lórí fóònù nìkan, báwo ni màá ṣe ṣe é tí ọ̀rọ̀ mi ò fi ní dà bíi ti Màmá Ìbejì?

akọ́ṣẹ́_kọ̀ǹpútà

15 GB yẹn, Gmail, Drive àti Photos ló jọ ń pín in. Ímeèlì tó ní fáìlì ńlá lára láti àtẹ̀yìnwá wà níbẹ̀, fáìlì inú Drive wà níbẹ̀, títí kan èyí tó ṣì wà nínú Trash Drive, torí pé ohun tó wà nínú Trash ṣì ń jẹ àyè. Nígbà kan, fọ́tò tí wọ́n bá dín bó ṣe tóbi kù kì í jẹ nínú 15 GB, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 2021, gbogbo fọ́tò tó bá gòkè ni wọ́n ń kà. Ẹ tètè bójú tó o, torí tí 15 GB bá kún, ímeèlì tuntun ò ní wọlé mọ́, ìyẹn gan-an ló máa ń dùn àwọn èèyàn jù.

Ní ti píparẹ́, bọ́tìnì kan wà nínú Google Photos tó ń jẹ́ Free up space, òun máa ń wo èyí tó ti gòkè tán, á wá yọ ẹ̀dà tó wà lórí fóònù nìkan, tòkè á wà níbẹ̀. Èyí tí ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ máa mú fọ́tò lọ́kọ̀ọ̀kan nínú áàpù yẹn kí ẹ máa tẹ agbọ̀n ìdọ̀tí, ìyẹn máa ń pa á rẹ́ lókè àti nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá ṣẹlẹ̀, èyí tó ti gòkè máa ń wà nínú Trash Photos fún ọjọ́ 60, ẹ sáré lọ mú un padà.

Ìyá_Ìbejì_22

Agbọ̀n ìdọ̀tí yẹn gan-an ni mo ń tẹ̀. Ó ti yé mi báyìí.

tèmi_ni_fóònù

Ẹ ṣeun, ímeèlì àtijọ́ ni o! Ẹnì kan ń fi fídíò ránṣẹ́ sí mi ní ọdún kan, 4 GB ló wà níbẹ̀ tí mi ò mọ̀. Mo ti fà á sórí kọ̀ǹpútà kí n tó pa á rẹ́.

aláwòrán_tuntun

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti dé. Mo yá háàdì dísìkì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi kan ní ọjọ́ kejì tí ẹ sọ̀rọ̀, mo ti wá ra tèmi báyìí. Mo kó Pictures sórí ẹ̀ lódindi, mo wá ka iye fáìlì tó wà nínú ẹ̀, mo ka ti Pictures, mo ka ti fódà cloud, wọ́n bára mu ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo ṣí bíi ogójì nínú àwòrán orí háàdì dísìkì yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan láti rí i pé kì í ṣe orúkọ lásán ni mo kó, mo sì yọ wáyà ẹ̀ kúrò kí n tó fọwọ́ kan nǹkan míì.

Mo wá pa èyí tó wà nínú Pictures rẹ́. Àyè ò yí padà, 3 GB náà ló ṣì ń pè é, àyà mi já, àfi ìgbà tí mo rántí ohun tí akọ́ṣẹ́ sọ pé ohun tó wà nínú Trash ṣì ń jẹ àyè, mo lọ wo Recycle Bin, gbogbo ẹ̀ ló kó wọn sí. Mo sọ ọ́ nù, C sì padà sí 41 GB. Lẹ́yìn náà mo tẹ Free up space lórí àwọn fódà ọdún àtijọ́ tó jẹ́ 30 GB, àmì wọn yí padà sí kùrukùru búlúù lójú mi, C di 71 GB. Fódà màmá mi, mi ò fọwọ́ kàn án, Always keep on this device ni mo tẹ̀ sí i, ó ti di àwọ̀ ewé látòkè délẹ̀. Windows ti ṣe update ẹ̀ lálẹ́ àná.

Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀ mo tún gba orí wẹ́ẹ̀bù wọlé lọ wo cloud. C ti kúrò ní 3 ó ti dé 71, àmọ́ lọ́hùn-ún 38 nínú 100 ni wọ́n ṣì kọ síbẹ̀, kò lọ sókè kò lọ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìṣirò méjì tí ẹ̀gbọ́n sọ ti wá yé mi yékéyéké. Ẹ ṣeun gan-an ni.